Ọ̀gágun Tó Kù Sẹ́yìn: Sani Abacha àti Ìjọba Fìdíhẹ Ọdún 1993

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1993, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi Aso Rock sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ lórí àlééfà. Igbákejì rẹ̀, Augustus Aikhomu, bá a lọ. Ẹni tí kò lọ ni Sani Abacha, Mínísítà fún Ètò Ààbò. Ipò yẹn náà ló di mú nínú ìjọba tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀, ìjọba fìdíhẹ tí Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn, ọmọ Ẹ̀gbá, ń darí. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Ṣónẹ́kàn fi kúrò níbẹ̀, tí Abacha sì jókòó sórí àga rẹ̀.

Nígbà tí àwa Yorùbá Abuja bá péjọ ní ọjọ́ June 12, ọ̀rọ̀ Babangida tó wọ́gi lé ìbò là ń sọ, àti ọ̀rọ̀ Abíọ́lá tó kú sí àhámọ́. Oṣù mẹ́ta tó wà láàárín ìgbà tí Babangida lọ àti ìgbà tí Abacha dé kì í sábà gbà ju gbólóhùn kan lọ lẹ́nu wa. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí á ti dúró wò. Inú oṣù mẹ́ta yẹn ni ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ díẹ̀ fún èsì ìbò náà, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti tì í pa. Ẹni tó tì í kì í ṣe Babangida mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ta kókó

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, ni wọ́n dìbò. Ẹgbẹ́ méjì péré ni ìjọba ológun gbà láyè. SDP fa Olóyè M.K.O. Abíọ́lá kalẹ̀, NRC fa Alhaji Bashir Tofa kalẹ̀. Ìpínlẹ̀ 30 ni Nàìjíríà ní nígbà náà. Abíọ́lá borí ní 19 nínú wọn, ó sì borí ní Abuja náà. Ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ló ní, ti Tofa kò pé mílíọ̀nù mẹ́fà. Ó borí Tofa ní Kano, ilé Tofa fúnra rẹ̀. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni igbákejì rẹ̀, Babagana Kingibe, síbẹ̀ àwọn Kristẹni Benue àti Plateau dìbò fún wọn. Mo ń tún un sọ nítorí àwọn ọ̀dọ́ kan wà lóde òní tí wọ́n rò pé ìbò Yorùbá nìkan ni June 12.

Abuja yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti dá ìbò náà dúró. Lóru ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, Adájọ́ Bassey Ikpeme ti ilé ẹjọ́ gíga Abuja pàṣẹ pé kí wọ́n má dìbò, lórí ẹjọ́ tí ABN, ẹgbẹ́ Arthur Nzeribe tó fẹ́ kí ológun ṣì wà lórí àlééfà, pè. Humphrey Nwosu, alága àjọ elétò ìdìbò, kò tẹ̀ lé àṣẹ náà, torí òfin tí wọ́n fi ṣètò ìbò ti sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò lè dá a dúró. Lẹ́yìn ìbò, ilé ẹjọ́ kan náà tún dá sí i, àjọ náà sì dá kíka èsì dúró ní ọjọ́ 16. Nígbà tó di ọjọ́ 23, Nduka Irabor, agbẹnusọ Aikhomu, ka ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù pé wọ́n ti wọ́gi lé gbogbo rẹ̀.

Ta ló ni ìwé náà? Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Babangida gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde níhìn-ín ní Abuja. Ó gbà nínú rẹ̀ pé Abíọ́lá ló borí. Ó tún sọ pé wọ́n ka ìwé ìwọ́gilé náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, ó sì nàka sí agbo Abacha. Ìdílé Abacha ta kò ó. Èmi kò rí bí olórí ológun tó jókòó sórí àga títí di oṣù Kẹjọ, tó tún fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìwọ́gilé náà fún aráyé lórí afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, ṣe lè gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé ẹni tó ti kú lórí. Ṣùgbọ́n bí ìdajì ohun tó sọ bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé Abacha ti ń di ìdí ọ̀rọ̀ náà mú kí Babangida tó lọ.

Lẹ́yìn ìwọ́gilé náà, ọ̀rọ̀ kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Àwọn kan ní àyàfi èsì ìbò. Àwọn kan ní kí wọ́n tún ìbò dì. Babangida ti búra pé òun yóò lọ nígbà tí oṣù Kẹjọ bá parí, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ìjọba fún. Nínú oṣù Keje, àwọn olórí SDP lábẹ́ Tony Anenih fọwọ́ sí i pẹ̀lú NRC pé kí wọ́n gbé ìjọba fìdíhẹ kalẹ̀. Ẹgbẹ́ tó borí ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun ti gbà láti má gba ohun tí òun jẹ. Ìtìjú ńlá ni, ó sì yẹ kí á máa dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn kan náà, àwọn ará Èkó tú síta nígbà tí Campaign for Democracy, tí Dókítà Beko Ransome-Kútì ń darí, pè wọ́n. Abacha rán ọmọ ogun sí títì. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tí Abacha jẹ́ kí ọjọ́ tó pé

Kano ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1943. Ohùn rẹ̀ ni Nàìjíríà gbọ́ lórí rédíò ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 nígbà tí àwọn ológun lé Shehu Shagari. Nígbà tí wọ́n lé Buhari ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ohùn rẹ̀ náà ló sọ fún ayé pé Babangida ni olórí tuntun. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1990 ló fi jẹ́ olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1990, nígbà tí Gideon Orkar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọlu Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba ní Èkó nígbà náà, tí Babangida ń wá ibi fara pa mọ́ sí, Abacha ló kó àwọn ọmọ ogun jọ tí wọ́n fi ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di Mínísítà fún Ètò Ààbò.

Nítorí náà, kí oṣù Kẹjọ ọdún 1993 tó dé, Abacha ti lọ́wọ́ nínú gbígbé ìjọba méjì wọlé, ó sì ti gba ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Àlàyé tí a máa ń gbọ́ lórí ìdí tí Babangida fi fi í sílẹ̀ sẹ́yìn ni pé kí ó lè máa dáàbò bo Ṣónẹ́kàn, kí àwọn ọ̀dọ́ inú ológun má bàa fipá gbàjọba. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹni tí ó mọ ọ̀nà ìfipágbàjọba jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Dìkírì 61 ni wọ́n fi dá ìjọba fìdíhẹ sílẹ̀, ọjọ́ tí Babangida ń lọ gan-an ló sì buwọ́ lù ú. Òfin náà ní bí olórí ìjọba fìdíhẹ bá kú, tàbí tí ó bá kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹni tó ga jù nínú àwọn mínísítà ni yóò rọ́pò rẹ̀. Abacha ni ẹni náà. Ṣónẹ́kàn kò jẹ́ ológun rí. Ilé iṣẹ́ UAC ló ti ṣe ọ̀gá fún ọdún púpọ̀ kí Babangida tó pè é wá darí ìgbìmọ̀ onígbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993. Dìkírì pè é ní olórí gbogbo ọmọ ogun, ṣùgbọ́n kò sí bárékè kan tí wọ́n ti ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò ìbọn. Kí ó ṣáà mú un buwọ́ lu bébà kan ni.

Ìgbà náà, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Abuja jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni wọ́n gbé olú-ìlú kúrò ní Èkó wá síbí, kò tíì pé ọdún méjì. Àwọn kan ṣì wà ní yàrá kan ní Karu àti Nyanya, tí wọ́n ń dúró de ilé tí ìjọba ṣèlérí. Bàbá mi àgbà wà lára wọn, akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Ó sọ fún wa bí gáréèjì ṣe kún ní oṣù Kẹjọ, tí àwọn Ìgbò ń lọ sílé, tí àwọn Yorùbá náà ń di ẹrù, torí gbogbo ènìyàn rò pé ogun fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè pé, "Bàbá Kúnlé, ṣé a ò ní kó àwọn ọmọ lọ sílé ni?" Ó dá a lóhùn pé, "Ìyá Kúnlé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mọ ta ni ìjọba báyìí, kí n tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀." Ìyàwó kó àwọn ọmọ lọ sí Ọ̀ṣogbo, òun dúró. Ó ní láti oṣù Kẹsàn-án títí wọ inú oṣù Kọkànlá, kò sí ẹnì kan ní ọ́fíìsì àwọn tó lè dá ìbéèrè yẹn lóhùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ológun

Nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi àwọn ọ̀gágun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Babangida sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Joshua Dogonyaro lọ, John Shagaya lọ. Ọ̀gágun Ọládipọ̀ Díyà, ọmọ Ọ̀dògbólú, di ọ̀gá àgbà fún gbogbo ọmọ ogun. Aliyu Gusau di olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ní ìta, ó dà bí ẹni pé ìjọba tuntun ń tún ilé ṣe. Àwọn kan nínú agbo June 12 tiẹ̀ yọ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n rò pé ó lòdì sí Abíọ́lá jù nínú ológun ni wọ́n ń lé.

Èmi rí i báyìí: àwọn tó lè dí Abacha lọ́nà ni wọ́n lé. Kò sí ọ̀gágun kankan tó kù tó dàgbà jù ú nínú iṣẹ́, kò sì sí èyí tí ipò rẹ̀ kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ṣónẹ́kàn tó jẹ́ olórí lórí ìwé kò ní ọ̀nà tí yóò fi gbà á padà. Bí a bá ń wá ọjọ́ tí ìjọba fìdíhẹ kú gan-an, èmi kò ní wá a ní oṣù Kọkànlá. Oṣù Kẹsàn-án ló kú, wọn kò kàn tíì sin ín ni.

N kò fẹ́ ṣàìdára sí Ṣónẹ́kàn. Ó tú àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí Babangida tì mọ́lé sílẹ̀. Ó ṣèlérí ìbò tuntun fún ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1994. Ṣùgbọ́n ìbò tuntun yẹn gan-an ni ẹ̀gún ọ̀fun, torí àwọn tó ti dìbò ní oṣù Kẹfà kò rí ìdí tí àwọn yóò fi tún jáde. Abíọ́lá, tó ti lọ sí London ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, padà sí Èkó nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ń parí lọ, èrò sì pọ̀ tó jáde wá pàdé rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin já ọkọ̀ òfurufú Nigeria Airways tó ń bọ̀ láti Èkó sí Abuja gbà, wọ́n gbé e lọ sí Niamey, wọ́n ní àfi kí ìjọba fìdíhẹ lọ. Ní Abuja níhìn-ín, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà yọ olórí wọn, Iyorchia Ayu, tí kò fẹ́ ìjọba fìdíhẹ, wọ́n sì fi Ameh Ebute rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, ìjọba gbé owó epo bẹntiróòlù kúrò ní 70 kọ́bọ̀ lọ sí náírà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC daṣẹ́ sílẹ̀.

Ìdájọ́ tí Abacha gba ìdajì rẹ̀

Ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí jù. Abíọ́lá àti Kingibe ti pe ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó. Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà ló gbọ́ ọ. Ohun tí ó wò kò ju àwọn dìkírì tí Babangida fúnra rẹ̀ buwọ́ lù. Dìkírì 59 ti fòpin sí agbára Babangida ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ. Dìkírì 61, tó dá ìjọba fìdíhẹ sílẹ̀, wá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò ní agbára mọ́ ló buwọ́ lu èkejì. Nítorí náà, ìjọba fìdíhẹ kò sí nínú òfin rárá.

Obìnrin kan ṣoṣo, nínú yàrá ilé ẹjọ́ kan, ló ṣe ohun tí gbogbo ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú láti oṣù Keje kò lè ṣe. Ó tú kókó náà. Bí ìjọba fìdíhẹ kò bá sí, tí Babangida sì ti lọ, ohun kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀ tí ó ti ọwọ́ àwọn ará ìlú wá ni ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà. Mo mọ̀ pé ìdájọ́ náà kò pàṣẹ pé kí wọ́n lọ búra fún Abíọ́lá. Ṣùgbọ́n ó ṣí ọ̀nà tí ẹni tó bá fẹ́ òdodo lè gbà dé ibẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ọ̀gágun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Bí Dìkírì 61 bá ti kú, ipò mínísítà tí Abacha wà nínú ìjọba náà ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Apá ibi tó ní kí mínísítà àgbà rọ́pò olórí, òun náà ti kú. Abacha gba ìdajì ìdájọ́ náà, ìyẹn ni pé kí Ṣónẹ́kàn lọ. Ìdajì kejì, tó sọ pé òun náà kò ní ẹsẹ̀ kankan tí òun fi dúró, kò gbà á. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ní ilé rẹ̀ kì í ṣe ilé wá di ajogún ilé.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, Abacha àti àwọn ọ̀gágun rẹ̀, Díyà wà lára wọn, lọ bá Ṣónẹ́kàn ní Aso Rock. Nígbà tí ìpàdé náà fi parí, Ṣónẹ́kàn ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Wọn kò yin ìbọn kankan. Àwọn ará Abuja kò mọ̀ títí ìròyìn fi dé. Nígbà tí Abacha bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, kò sọ pé òun fipá gbàjọba. Ó ní Ṣónẹ́kàn ló kọ̀wé sílẹ̀ tí wọ́n sì yan òun. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló tú ìjọba fìdíhẹ ká, ó tú ilé aṣòfin Abuja àti ti àwọn ìpínlẹ̀ ká, ó lé àwọn gómìnà tí ará ìlú dìbò yàn, ó tú ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ elétò ìdìbò ká, ó fòfin de SDP àti NRC, ó sì ní kò gbọdọ̀ sí ìpàdé òṣèlú mọ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń gbèjà rẹ̀, mo sì ń gbìyànjú láti gbọ́ wọn dáadáa. Wọ́n ní ìlú ti fẹ́ dàrú. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ibi ni iṣẹ́ ti dúró, àwọn ènìyàn ti padà sí ìlú wọn, ilé ẹjọ́ ti sọ pé kò sí ìjọba. Wọ́n ní bí kò bá ṣe é, ọ̀dọ́ ológun kan yóò ṣe é pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn gómìnà ṣe? Ọdún 1991 ni wọ́n dìbò yàn wọ́n, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jà lórí rẹ̀. Kí ni káńsílọ̀ àdúgbò ṣe? Wàhálà ìlú wà lórí àga kan ṣoṣo, àga ààrẹ. Ẹni tó wá tún àga kan ṣe kì í dáná sun gbogbo àga ilé. Ohun tí Abacha tú ká lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe nítorí wàhálà ló ṣe dé. Gbogbo ibi tí ẹlòmíràn ti lè rí àṣẹ gbà lọ́wọ́ ará ìlú ló pa rẹ́.

Àwọn tó pè é wá

Ibi tó dùn mí jù nìyí, torí ọ̀rọ̀ ilé ni. Àwọn Yorùbá tó wà nínú ìjà June 12 pọ̀ tí wọ́n rò ní oṣù Kọkànlá pé Abacha ń bọ̀ wá gbé ìjọba fún Abíọ́lá. Wọ́n kórìíra ìjọba fìdíhẹ débi pé ẹnikẹ́ni tó bá lè lé e jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Abíọ́lá fúnra rẹ̀ lọ rí Abacha lẹ́yìn tó gbàjọba. Díyà di igbákejì rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé bí ọmọ Yorùbá bá wà nítòsí, ọ̀rọ̀ yóò dára.

Nígbà tí Abacha yan àwọn mínísítà, àwọn ènìyàn June 12 kún inú rẹ̀. Kingibe, ẹni tí wọ́n jọ dìbò fún pẹ̀lú Abíọ́lá, gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Alhaji Látééf Jákàńdè, gómìnà Èkó àtijọ́, gba iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé. Ebenezer Babatọ́pẹ́ gba ètò ìrìnnà. Olú Onàgórúwà, agbẹjọ́rò àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́, gba ètò ìdájọ́. Iyorchia Ayu tí àwọn aṣòfin yọ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú gba ètò ẹ̀kọ́. Mi ò gbà pé gbogbo wọn ta ara wọn fún owó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé àwọn ń lọ ṣọ́ ẹ̀tọ́ Abíọ́lá láti inú ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun tó ti kó àwọn olórí atakò sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò dá a dúró níta mọ́, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́fà yẹn ló nílò.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1994 ni NADECO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń jà fún ìjọba tiwantiwa, tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Epétèdó, Èkó. Wọ́n mú un ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Abuja ni wọ́n gbé e wá láti jẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀, Abuja ló sì wà ní àhámọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí Abacha kú ní Aso Rock ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà. Wọ́n ti pa Kúdírátù ìyàwó rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1996. Onàgórúwà pàdánù ipò rẹ̀ ní ọdún 1994 lẹ́yìn tó sọ ní gbangba pé òun kò mọ̀ nípa àwọn dìkírì tí wọ́n gbé jáde lórúkọ ìjọba. Díyà, tó bá Abacha lọ sí ìpàdé ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, wọ́n mú un ní oṣù Kejìlá ọdún 1997 lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ gbàjọba, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ikú Abacha ló gbà á. Ṣónẹ́kàn ní tirẹ̀ padà wá ṣiṣẹ́ fún ẹni tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, ó darí Vision 2010, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ iwájú orílẹ̀-èdè.

Ohun tó yẹ kó tíì ṣẹlẹ̀

Ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Chukwudifu Oputa kalẹ̀ ní ọdún 1999 láti wádìí ìwà ìkà àwọn ìjọba àtẹ̀yìnwá. Babangida kò yọjú. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin ọdún 1999 kò fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti gbé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìjọba kò sì gbé ìwé ìwádìí Oputa jáde fún ará ìlú.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí máa ń ro pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Kò parí. Ibì kan wà tí ilé ẹjọ́ náà gbà pé ìjọba àpapọ̀ lágbára láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀: Agbègbè Olú-ìlú, Abuja. Níhìn-ín ni ilé ẹjọ́ gíga ti kọ́kọ́ dá sí ìbò. Níhìn-ín ni wọ́n ti yọ olórí ilé aṣòfin àgbà. Aso Rock tí wọ́n ti bá Ṣónẹ́kàn ṣèpàdé ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1993 wà níhìn-ín, níhìn-ín náà ni Abíọ́lá kú sí. Ṣónẹ́kàn kú ní ọdún 2022, Díyà kú ní ọdún 2023. Àwọn kan tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ṣì wà láàyè, Babangida ṣì ń sọ tirẹ̀ nínú ìwé. Àwọn aṣòfin wa tó wà ní Three Arms Zone lè béèrè fún ìwádìí náà lọ́dún yìí, láìyí òfin kankan padà. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn, mo sì ń rọ gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Abuja kí àwọn náà kọ.